Òjò Lórí Agolo

Lọ́jọ́ tí Ràímì lọ, ohun méjì ló ṣe sí katakata bàbá mi. Ó fi agolo mílíìkì dé ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ tó nà sókè bí ọrùn àkùkọ, kí òjò má baà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ló pàálè sí i lórí sítíárìn: àkísà pupa, kùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín kan, àti òòyà kan tí eyín rẹ̀ ti kán. Èmi ni mo ni òòyà náà. Mi ò mọ ìgbà tó mú un.

“Sìdíkátù,” ó ní, “ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé. Oṣù mẹ́fà péré ni. Tí mo bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Wárì, èmi fúnra mi ni n ó padà wá ṣíná sí i.”

Mo bi í pé, “Èmi ńkọ́? Ṣé o ò ní pàálè sí èmi náà ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ kẹ̀? Ta ló tó jí ẹ gbé?”

Ẹ̀rín yẹn ni mo fi sùn fún ọdún mẹ́ta.

Ilé wa ní Ẹgàn dá dúró láàárín oko. Bí o bá ti kúrò ní Ìgàndò, tí o fi títì ọlọ́dà sílẹ̀, ó di kí o máa tọ ipa táyà katakata lọ títí tí wàá fi rí òrùlé wa. Ìyá mi ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ọkọ. Ó ku èmi àti Bàbá, ojú Bàbá sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Nígbà tí Ràímì wà, ilé náà kì í dákẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bàbá ló gbà á pé kó máa bá òun wa katakata. Láràárọ̀, tó bá ti ṣíná sí i, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, vùù! vùù! vùù!, kó tó wá jẹ́ kó máa mí jẹ́jẹ́. Bàbá rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń tọ́jú. Irọ́ ni. Èmi ló ń kí. Ibi yòówù kí n wà, ìbáà ṣe nídìí ààrò, ìbáà ṣe létí kànga, ọkàn mi á fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn tó lọ, ohùn kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ fún wa ni agolo yẹn. Bí òjò bá ń bọ̀, kó tó kan páànù ilé wa rárá, agolo á ti sọ ọ́: kó, kó, kó-kó-kó. Bàbá á ké sí mi látinú yàrá rẹ̀, “Sìdíkátù, òjò dé o. Ká aṣọ.” N ó ká aṣọ, n ó dùbúlẹ̀, n ó máa gbọ́ ọ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì wọlé.

Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ. Èkíní gùn, ó fi “olólùfẹ́ mi, ẹyinjú mi” bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo sì há a sórí láti òkè délẹ̀. Ẹ̀kẹta ò kún ojú ìwé kan. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, Wàsílátù, ọmọ àbúrò Bàbá, wá kí wa. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Wárì. Bàbá wà ní mọ́sálásí. Wàsílátù jẹun tán, ó fọwọ́, ó nu ọwọ́, kó tó sọ ọ́.

“Ràímì yín yẹn ti gbéyàwó o. Lucy ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó ti bímọ fún un pàápàá.” Ó wo ojú mi. “Àbí ẹ ò gbọ́ ni?”

“A gbọ́,” mo ní.

Mo sìn ín dé ojú ọ̀dà. Mo bá a rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí mo padà délé, mo gun orí katakata, mo yọ agolo yẹn kúrò lórí páìpù, mo sì sọ ọ́ sínú igbó bí ẹni ń sọ òkúta lu ajá. Òjò ọdún náà ò fẹ́ dá. Oṣù mẹ́rin ló fi rọ̀ sínú páìpù yẹn; mo ń wò ó lójú fèrèsé, mi ò dìde. Nígbà tí ojú mi fi wálẹ̀, tí mo lọ wá agolo nínú igbó, mi ò rí i mọ́. Bàbá ò bi mí ní nǹkan kan. Mo ní ojú rẹ̀ tó ń ṣú ni kò jẹ́ kó rí i. Èmi náà ò sọ ọ̀rọ̀ Lucy fún un. Bí ó bá bèèrè Ràímì, n ó ní, “Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá.”

Oṣù kẹta ọdún 1977 ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ìjọba ń pariwo lórí rédíò pé kí oníkálukú lọ dáko, bẹ́ẹ̀ àwọn alágbàro wa ti ṣí lọ tán. Owó epo ti dé, gbogbo wọn ń po kọnkéré nígboro Èkó. Kò sẹ́ni tí yóò kọ ebè fún afọ́jú àti ọmọbìnrin kan. Ọ̀gá kan wá láti Súrùlérè, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀ náà, òun fẹ́ gé e sí pulọ́ọ̀tì. Bàbá ní kó padà wá ní Sátidé.

“Tí katakata yìí bá dún kó tó di Sátidé,” Bàbá wí fún mi nígbà tí ọkùnrin náà lọ, “a ó dáko lọ́dún yìí. Tí kò bá dún, n ó tẹ̀ka síwèé. Ilẹ̀ tí èèyàn ò lè ro, ilẹ̀ onílẹ̀ ni.”

Bí ilẹ̀ bá lọ, yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹgbẹ́dá ló kù fún wa. Mo mọ̀ pé Ràímì ò ní í wá. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó kó ẹrù kúrò níbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Èyí tó wá burú jù ni pé bí katakata ò bá dún, èmi ni mo pa á.

Bọ̀dá Gbóyèga, mẹkáníìkì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìdímù, ni mo lọ bẹ̀. Ó dé ní Ọjọ́rú. Ó sanra, ó lọ́rọ̀ lẹ́nu, ó sì máa ń bá irin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó ń bínú. Ó yí katakata ká. Ìtàkùn ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ ìjókòó.

“Arẹwà,” ó wí fún un, “ta ló fi ẹ́ sílẹ̀ báyìí?”

Ó na ọwọ́ sí sítíárìn. Ó sì fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

“Ta ló pàálè síbí?”

“Ràímì ni,” Bàbá dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Awakọ̀ mi.”

“Kí Ràímì wá tú u.”

“Ràímì ò sí nílé.”

“Èmi náà ń relé nìyẹn.”

Mo ní, “Bọ̀dá Gbóyèga, ṣebí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin nínú kóòyà!”

“Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí jàre, mi ò sọ pé òmùgọ̀ ni mí. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni irin, ẹ tú u.”

Bàbá mi orí. “Irin ni mo ni. Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀ sí àálè. Ẹni tó so ó ni í tú u. Tàbí ọmọ rẹ̀. Tàbí aya rẹ̀.”

Adìyẹ kan ń tan ilẹ̀ lábẹ́ táyà. Bọ̀dá Gbóyèga wò mí, ó wo Bàbá, ó tún wò mí.

“Ràímì yìí,” ó ní, “ṣé kò níyàwó ni?”

“Ó níyàwó,” mo ní. “Èmi ni.”

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, lórí ẹní mi, lábẹ́ ẹ̀mí. Nínú èrò mi, aṣọ funfun ló máa ń wà lára mi, lẹ́mọ́mù ló ń so yìgì, ojú Ràímì sì máa ń tàn bí ìgbà tí oòrùn bọ́ sórí omi. Mi ò rò ó rí pé iwájú mẹkáníìkì kan, àkísà kan àti adìyẹ kan ni n ó ti sọ ọ́ síta.

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún máa lọ.

“Tú u nígbà náà,” ó ní.

Okùn náà ti gbẹ, ó ń já sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo dé orí òòyà, mo dúró. Mo rántí pé mo wá a títí lọ́jọ́ náà, mo sì bá Ràímì jà pé ó jókòó lé e. Mo kó gbogbo rẹ̀ sétí ìró mi, mo ta á ní kókó.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Gbóyèga ṣí ìsàlẹ̀ táǹkì: omi ló kọ́kọ́ jáde, kí epo dísẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e, ó dúdú, ó ń rùn bí ọbẹ̀ tó ti kan. Ó fi sípánà ńlá sí iwájú ẹ́ńjìnnì, ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó gbé ikùn lé e. Kò mì. Èmi náà bá a tẹ̀ ẹ́. Kò mì.

“Ó ti gan,” ó ní.

Ó wá tú àwọn nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, mẹ́rin ni wọ́n, ó ń ki wáyà tó fi òwú wé lórí bọ inú ihò wọn. Mẹ́ta àkọ́kọ́, òwú jáde ní dúdú. Ẹ̀kẹrin jáde ní pupa bí osùn.

“Omi ti wọbí. Omi kékeré kọ́. Ta ló ṣí ẹnu páìpù yìí sílẹ̀?”

Bàbá jókòó síbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí wa.

“Ìjì ló gbé agolo lọ,” mo dáhùn.

“Ìjì.” Bọ̀dá Gbóyèga wo òwú náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé èmi nìkan ló gbọ́. “Ìjì a-lọ́wọ́-lẹ́sẹ̀.”

Ó po dísẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ epo ẹ́ńjìnnì, ó dà á sínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi àkísà dí wọn. “Jẹ́ kó mu ún. Ohun tó bá ti gan, agídí kọ́ ni wọ́n fi ń tú u. Tó bá di ọ̀la, tún da díẹ̀ sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó padà wá.”

Ọjọ́bọ̀ yẹn ló gùn jù lọ láyé mi. Mo da epo sí i láàárọ̀. Mo dà á sí i lọ́sàn-án. Láàárín méjèèjì, mo jókòó sórí irin tó bo táyà ẹ̀yìn, níbi tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí Ràímì bá ń kọ́ mi ní jíà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ mi, tí á ní, “Rọra, rọra, kì í ṣe ata lò ń lọ̀.” Láti apá Ìkòtún, mo ń gbọ́ àwọn típà tó ń kó iyanrìn. Gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Gbogbo ayé ló ń re ibì kan. Mo gbé orí lé sítíárìn, mo ní, “Má bínú.” Mi ò mọ̀ bóyá irin ni mò ń bẹ̀ àbí ẹni tó wà nínú ilé.

Jímọ̀ dé. Bọ̀dá Gbóyèga gbé bátìrì kan wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fún táyà láfẹ́fẹ́, ó fi jíà tó ga jù sí i, ó ní kí n bá òun máa ti táyà ẹ̀yìn síwájú, ká tún fà á padà, síwájú, sẹ́yìn. A ti í títí òógùn fi wọ ojú mi. Mo ti ń ronú àpótí tí n ó kọ́kọ́ dì tí a bá ń lọ sí Ẹgbẹ́dá nígbà tí nǹkan kan nínú ikùn irin náà ṣe kà!

“Ó mì!” Bọ̀dá Gbóyèga ń jó lórí koríko. “Arẹwà mi ti dáhùn!”

Nígbà tó fi bátìrì yí i, àwọn ihò náà tu omi pupa jáde bí ẹni tó ń wẹnu. Ó dá nọ́sù padà. A da dísẹ́ẹ̀lì tuntun sínú táǹkì. Ó tú ìdè kékeré kan lára fílítà, ó ní kí n máa fọwọ́ pọ́ǹpù ẹ̀. Ìfófòó ló ń jáde.

“Máa pọ́ǹpù ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kún inú páìpù rẹ̀. Ọmọ tó ń sunkún, ṣé ó lè gbé oúnjẹ mì? Ó di ìgbà tí epo bá jáde láìhó ká tó dì í.”

Epo dẹ́kun híhó. Ó dì í. “Gun orí ẹ̀. Èmi gbọ́dọ̀ dúró síbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́.”

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó yí, ó tu èéfín funfun díẹ̀, ó kú. Mo tún un yí. Ó kérora jẹ́jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Dúró! Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú bátìrì yìí.” Ó nu ojú rẹ̀. “Òtútù ló ń mú ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ àkísà tó gbẹ, ká fi dáná sí i lẹ́nu. Tèmi ti rẹ sínú epo dúdú tán.”

Mo tú kókó etí ìró mi. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ pupa náà.

“Èyí kọ́ ni...?”

“Òun ni.”

“Sìdíkátù, ó dá ẹ lójú?”

Mo wé e mọ́ orí wáyà, mo rì í sínú dísẹ́ẹ̀lì, mo ṣáná sí i. Ọ̀gbẹ́ni kóòyà gba ìdí wáyà náà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ejò, ó gbé iná rẹ̀ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo rí i tí iná náà tẹ̀, tí ẹnu irin fà á wọlé. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Amọ̀ agbọ́n àti ìpẹtà fò jáde lẹ́nu páìpù, èéfín dúdú tẹ̀ lé e, gbogbo irin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ mi. Ó dún! Ọlọ́run mi, ó dún!

Ẹsẹ̀ mi ò bi mí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Vùù! Vùù! Vùù!

Bàbá jáde láìmú ọ̀pá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ó ń kọsẹ̀, ẹ̀rín kan sì wà lójú rẹ̀ tí mi ò rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

“Ràímì!” ó ń pariwo. “Ràímì ọmọ mi! Mo wí bẹ́ẹ̀! Mo mọ̀ pé wàá dé!”

Bọ̀dá Gbóyèga bojú wolẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé a jọ ń dúró ni, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀.

Mo rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. “Èmi ni, Bàbá.”

Kò gbọ́. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ń fọwọ́ wá ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó kan etí ìró mi. Ó dúró.

“Èmi ni,” mo tún wí. “Sìdíkátù ni. Ràímì ò ní í wá mọ́, Bàbá. Ó ti níyàwó ní Wárì. Ó ti bímọ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọdún kejì rèé.”

Ẹ̀rín náà ò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ló rọra ń lọ. Ó fọwọ́ wá orí ẹ́ńjìnnì títí ó fi rí i, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, apá rẹ̀ sì ń gbọ̀n tẹ̀ lé irin.

“Ṣé o lè wà á?”

“Mo lè wà á dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibi tí Ràímì kọ́ mi dé nìyẹn.”

“Ó tó bẹ̀rẹ̀. Tí ọkùnrin Súrùlérè yẹn bá dé lọ́la, kó bá wa lóko.”

Bọ̀dá Gbóyèga kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní a lè lo bátìrì títí di ọjọ́ Ajé. Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó yọrí jáde. “Ó dàbọ̀ o, ìyàwó...” Ó gbé e mì. “Ó dàbọ̀, Sìdíkátù.”

Mo pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e fẹ̀ ju oko lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti ṣú láti apá Ìgàndò. Bàbá ń wọlé lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò yíjú padà.

“Sìdíkátù.”

“Bàbá.”

“Wá agolo kan, kí o fi dé e.”

“Ó dáa, Bàbá.”

“Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọdún méjì ni mi ò gbọ́ òjò lórí ẹ̀.”

Ó wọlé. Èmi dúró síbẹ̀, ojú ń tì mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo mú agolo mílíìkì kan nídìí ààrò, mo gun orí katakata, mo fi dé páìpù. Ó ṣì gbóná, ó jó mi ní ìka. Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ láìtan àtùpà, mo ń retí.

Kó.

Kó, kó. Kó-kó-kó.

“Sìdíkátù,” Bàbá ké látinú yàrá rẹ̀, “òjò dé o. Ká aṣọ.”

Kò sí aṣọ kankan lórí okùn. Mo dìde ṣá.

“Mo ń bọ̀, Bàbá.”